Iye tí ó ń náni láti fi kóòtù gba owó ọjà, láti Èkó dé Kútọnu àti Kigali

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Mo kí gbogbo ilé o. Oníṣòwò àdìrẹ ni mí ní Abẹ́òkúta, ó sì ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní oṣù mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ó ní ilé ìtajà ní Kútọnu ní kí n ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún òun, kí n sì fi àmì ilé ìtajà òun sí ara gbogbo rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí òun kò bá gbà á, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè tà á fún. Owó ọjà náà jẹ́ sẹ́fà 2,600,000. Ó san 1,150,000 kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ku 1,450,000. Nígbà tí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní aró rẹ̀ ń ṣí. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn aṣọ náà lórí WhatsApp rẹ̀ níbi tí ó ti ń polówó wọn, mo sì mọ̀ pé ó ti tà lára wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi òní dónìí, tí ó ń fi ọ̀la dọ́la.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé ẹnì kan ní Accra, ẹnì kan ní Nairobi àti ilé ìtura kan ní Kigali ti ń béèrè irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi bá mi wá àwọn nọ́ńbà kan jáde lórí iye tí ẹjọ́ àdéhùn òwò ń náni ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní Áfíríkà. Mo rí i pé wọ́n kọ 82.7 sí iwájú Rùwáńdà, wọ́n sì kọ 23 péré sí iwájú Gánà. Ṣé ohun tí èyí ń sọ ni pé kí n tajà fún ará Gánà, kí n má sì dá ti Kigali lóhùn? Ti Kútọnu yìí náà ńkọ́, ṣé owó tí n ó fi gba gbèsè náà kò ní pọ̀ ju gbèsè náà fúnra rẹ̀ lọ?

Oníṣirò Ìlúpéjú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá wa. Mo mọ ibi tí àwọn nọ́ńbà náà ti wá, nítorí pé iṣẹ́ mi ti mú mi lò wọ́n rí. Inú ìjábọ̀ Doing Business ti Báńkì Àgbáyé ni wọ́n wà. Àwọn tí ó ṣe é gbé ẹjọ́ kan ṣoṣo kalẹ̀, wọ́n sì bi àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn adájọ́ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan léèrè pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, àti pé èló ni yóò náni. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ náà jọ tiyín bí ìbejì: ẹnì kan ṣe ọjà àkànṣe fún oníbàárà, ó kó o fún un, oníbàárà ní ọjà kò dára tó, ó sì kọ̀ láti sanwó. Ohun tí wọ́n kà mọ́ owó náà ni owó agbẹjọ́rò, owó kóòtù, àti owó àwọn tí yóò lọ gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ajigbèsè lẹ́yìn ìdájọ́ tí wọn yóò sì tà á. Wọn kò ka rìbá mọ́ ọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nínú ìjábọ̀ ti ọdún 2020, èyí tí ó kẹ́yìn, iye tí wọ́n kọ fún Nàìjíríà ni 38.9 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè, pẹ̀lú ọjọ́ 399. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá jẹ yín ní náírà 100, ẹ ó ti ná nǹkan bí náírà 39 kí ó tó dé ọwọ́ yín. Wọ́n pa Èkó àti Kano pọ̀ ni wọ́n fi rí nọ́ńbà yẹn; Èkó nìkan jẹ́ 42 àti ọjọ́ 376. Gánà jẹ́ 23 àti ọjọ́ 710, Kẹ́ńyà jẹ́ 41.8 àti ọjọ́ 465, Tógò jẹ́ 47.5 àti ọjọ́ 488, Gúúsù Áfíríkà sì jẹ́ 33.2 àti ọjọ́ 600. Bí a bá pa gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà pọ̀, ó sún mọ́ 42 àti ọjọ́ 655. Owó ti Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Kútọnu wà, ga ju èyí lọ. Ní ti Rùwáńdà, inú ìjábọ̀ ọdún 2019 ni 82.7 tí ẹ rí yẹn wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 230 péré ni ẹjọ́ náà ń gbà níbẹ̀, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè olówó kò lè ṣe.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣi nọ́ńbà wọ̀nyí kà ni pé gbèsè tí wọ́n fi ṣe ìṣirò kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Wọn a mú iye tí ó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà lọ́dún, wọn a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, bí kò bá sì tó dọ́là 5,000, wọn a fi 5,000 rọ́pò rẹ̀. Rùwáńdà, Gánà, Kẹ́ńyà àti Nàìjíríà wà ní 5,000 yìí, ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n fi ṣe ti Gúúsù Áfíríkà lé ní 11,000. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ti Rùwáńdà yóò jẹ́ dọ́là 4,135, ti Gúúsù Áfíríkà yóò sì sún mọ́ 3,800. Ẹni tí ó bá wo ìdá nìkan yóò rò pé ẹjọ́ Kigali wọ́n ju ti Johannesburg lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó tí yóò jáde lápò kò tó dọ́là 400. Agbẹjọ́rò kì í gba ìdajì owó nítorí pé gbèsè jẹ́ ìdajì. Gbèsè tiyín, Ìyá wa, jẹ́ nǹkan bí ìdajì 5,000 yẹn, nítorí náà ìdá tí yóò bá a lọ yóò ga ju èyí tí wọ́n kọ lọ, ní orílẹ̀-èdè yòówù kí ó jẹ́.

Ó yẹ kí n fi kún un pé Báńkì Àgbáyé dá ìjábọ̀ náà dúró ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nítorí àìṣedéédéé tí wọ́n rí nínú nọ́ńbà China, Saudi Arabia, Azerbaijan àti United Arab Emirates. Kò kan èyíkéyìí nínú àwọn tí mo kà yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti di nọ́ńbà àtijọ́. B-READY tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 50. Gánà, Tógò àti Rùwáńdà wà nínú wọn.

Onípákó Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, ẹ kú làálàá ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti jìn sí kòtò náà rí. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo pe ẹnì kan lẹ́jọ́ níhìn-ín ní Ìbàdàn lórí owó pákó. Ó gba ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀. Mo jàre, adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jàre, mo sì mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú àwọn bélíìfù. A bá ìgbálẹ̀ méjì àti àga onírọ́bà kan níbẹ̀. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde láti ìgbà tí ẹjọ́ ti ku oṣù díẹ̀ kí ó parí. Owó tí mo san fún agbẹjọ́rò kò sì wà nínú ohun tí ẹnikẹ́ni dá padà fún mi.

Láti ìgbà náà, n kì í gbé ọjà fún ẹni tí kò bá ní onígbọ̀wọ́ tí èmi fúnra mi mọ ilé rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún Ìyá wa ni pé kí wọ́n wá àwọn àgbà ọjà tí ọkùnrin náà ń bá ná ní Kútọnu, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Ẹnu àwọn ìyálọ́jà ń ká oníṣòwò ju ẹnu adájọ́ lọ.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. N kò bá Onípákó jà, nítorí pé ohun tí ó sọ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ kò bá ti Ìyá wa mu. Ohun tí ó pa á lára ni pé kò dí ọ̀nà mọ́ dúkìá náà kí ó tó di pé ìdájọ́ jáde. Ọ̀nà kan tí ó sàn ju kíkó àga onírọ́bà lọ ni kí a lọ bá báńkì tí ajigbèsè ń lò, pẹ̀lú àṣẹ kóòtù tí a ń pè ní garnishee, kí báńkì sanwó náà fún wa láti inú àkáǹtì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa kọ nọ́ńbà àkáǹtì tí oníbàárà yín fi sanwó àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó ti gba ọ̀pọ̀ oníbàárà mi là.

Bí ó bá jẹ́ pé Èkó ni ajigbèsè náà wà ni, ǹ bá sọ pé kí ẹ lọ sí ilé ẹjọ́ májísíréètì tí ó wà fún ẹjọ́ owó kéékèèké. Èkó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2018. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni ó wà fún, wọ́n ṣe é kí ẹjọ́ lè parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́, ènìyàn sì lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba agbẹjọ́rò. Ẹ ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà tí ẹ fi béèrè gbèsè náà, ẹ ó sì ní ẹ̀rí pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà 42 tí Oníṣirò kà fún Èkó kò bá irú ẹjọ́ yìí mu, nítorí pé owó agbẹjọ́rò tí ó máa ń kó apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè máà sí rárá.

Ṣùgbọ́n Kútọnu ni ọkùnrin yìí wà. Ìdájọ́ kì í ṣe àpò gààrí tí a lè gbé kọjá Sẹ̀mẹ̀. Ìdájọ́ tí ẹ bá gbà ní Abẹ́òkúta, ilé ẹjọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ni yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ owó agbẹjọ́rò lẹ́ẹ̀mejì. A ní òfin kan láti ọdún 1922 tí ó jẹ́ kí ìdájọ́ láti ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlú Ọba àti ní Gánà lè di èyí tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa láàárín oṣù méjìlá, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òfin náà kọjú sí: ó wúlò fún ará Gánà tí ọmọ Nàìjíríà jẹ lówó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ará ibòmíràn, òfin ibi tí dúkìá ajigbèsè wà ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe òfin ilé yín.

Ní ti àkókò, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni òfin fún ẹni tí ó bá fẹ́ pe ẹjọ́ lórí àdéhùn lásán.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò wa, ṣùgbọ́n kí Ìyá wa má fọkàn balẹ̀ o. Ọdún mẹ́fà yẹn jẹ́ ti Nàìjíríà. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, Kútọnu ni mo ti ń tajà, òfin tí ó sì de wa níhìn-ín ni ti OHADA, àjọ tí orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún wà nínú rẹ̀, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ ti wà láti ọdún 1993. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀; Nàìjíríà àti Gánà kò sí níbẹ̀. Ní abẹ́ òfin ìṣòwò OHADA, ọdún márùn-ún ni ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ fi ń wà láàárín àwọn oníṣòwò, ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ọjà títà láàárín oníṣòwò méjì, ọdún méjì péré ni. Ìyá wa ní oṣù mẹ́rìndínlógún ti kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé òfin tibí ni adájọ́ yóò lò, oṣù mẹ́jọ ni ó kù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún wa: ṣé ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀? Ṣé ó ní òfin ibi tí ẹ ó lò? Ṣé ó ti kọ ọ́ tàbí sọ ọ́ rí pé òun jẹ yín lówó náà?

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun, Ọmọ Àjàṣẹ́. Òtítọ́ ni ẹ sọ, mo sì yára jù. Kí ẹnikẹ́ni má gbára lé gbólóhùn tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ àfi tí ó bá jẹ́ pé òfin Nàìjíríà ni ó de ọjà náà.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí mo ka èyí. A kò kọ àdéhùn kankan ju ìwé ọjà tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹrù lọ. Awakọ̀ ni ó gba ìfọwọ́sí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwé náà, mo sì ní i lọ́wọ́. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, “Ẹ má bínú, Màámi, owó yín ń bọ̀, ọjà ni kò yá.” Yorùbá ni ó fi sọ ọ́, nítorí pé ọmọ Kétu ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ohùn yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Nínú òfin OHADA, bí ajigbèsè bá gbà pé òun jẹ gbèsè, kíka àkókò náà já, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé ó ní ọjà ni kò yá, kò sọ ohunkóhun nípa aró. Ẹ tọ́jú fóònù náà, kí ẹ má pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má gbára lé ohùn nìkan. Ẹ kọ̀wé sí i pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, kí ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí yóò san 1,450,000 tí ó kù. Bí ó bá fèsì pẹ̀lú ọjọ́ kan, àní bí ó bá jẹ́ ọdún tí ń bọ̀, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí a ń pè ní injonction de payer, àṣẹ ìsanwó. Ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tí ẹni méjì yóò máa jà. Ẹ ó mú ìwé ọjà, ìwé tí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí, ẹ̀rí owó àkọ́kọ́ tí ó san àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kọ lọ sí ilé ẹjọ́ ìṣòwò Kútọnu, ẹ ó sì ní kí adájọ́ pàṣẹ pé kí ó sanwó. Gbèsè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní àníàní nínú, tí iye rẹ̀ dá lójú, tí ọjọ́ sísan rẹ̀ sì ti kọjá. Òṣìṣẹ́ òfin tí a ń pè ní huissier ni yóò mú àṣẹ náà lọ fún un, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí pé bí àkókò tí òfin là sílẹ̀ bá kọjá kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àṣẹ náà ti di òfo. Bí kò bá tako ó láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí òfin fún un, ẹ lè lọ gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀ ní báńkì. Bí ó bá tako ó, tí ó ní aró ń ṣí, adájọ́ yóò kọ́kọ́ gbìyànjú láti là yín níjà, bí ìyẹn kò bá sì ṣeé ṣe, ó di ẹjọ́ gidi. Ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Kí n sọ ohun tí ìjábọ̀ àwọn òyìnbó kò kà. Gbogbo ìwé ni ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ sí èdè Faransé, lọ́dọ̀ ẹni tí kóòtù gbà. Ẹ ó wá sí Kútọnu, ẹ ó sì padà. Ẹjọ́ tí mo ṣe lórí gbèsè tí kò tó tiyín, owó ìtumọ̀ àti owó ọkọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo san fún huissier, mo sì tún jẹ́ ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá ti Abẹ́òkúta wá yóò ná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ohun tí Onípákó sọ nípa ẹni tí ó kó ẹrù sá, òfin wa gba ènìyàn láyè láti bẹ adájọ́ pé kí ó dí owó tàbí ẹrù ajigbèsè mọ́lẹ̀ kí ìdájọ́ tó jáde, bí ẹ̀rù bá wà pé kò ní rí san mọ́.

Ará Accra

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè Ìyá wa lórí Gánà, nítorí pé 23 yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lóòótọ́, agbẹjọ́rò níhìn-ín kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, ilé ẹjọ́ gíga sì ní ẹ̀ka tí ó wà fún ìṣòwò nìkan láti ọdún 2005. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ọjọ́ 710 tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, iye tí ọjà fi gbówó lórí níhìn-ín láàárín ọdún kan jẹ́ 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó wọ kóòtù pẹ̀lú gbèsè sídì 50,000 nígbà yẹn, tí ó jàre lẹ́yìn ọdún méjì, tí wọ́n sì ka sídì 50,000 lé e lọ́wọ́, mélòó ni ó gbà? Kóòtù a máa fi èlé sí i, ṣùgbọ́n èlé kì í sábà bá ìyára ọjà dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ náírà sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tí ó kọ àdéhùn rẹ̀ sí náírà tí ó sì ń dúró de adájọ́ ní àkókò yẹn ti pàdánù ju gbogbo owó kóòtù lọ, kò sì sí ìjábọ̀ kankan tí ó kà á mọ́ ìnáwó ẹjọ́. Sẹ́fà ti Ìyá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé Yúrò ni wọ́n so ó mọ́, 655.957 sí Yúrò kan. Ìyẹn ni ohun kan ṣoṣo tí ó dára nínú gbèsè yìí. Bí mo bá ní kí n yan, ọjọ́ 230 ti Kigali ni n ó mú, bí ó tilẹ̀ wọ́n.

Oníṣirò Ìlúpéjú

Mo fara mọ́ èyí pátápátá, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́. Rùwáńdà ti ní ilé ẹjọ́ ìṣòwò tirẹ̀ láti ọdún 2008, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń fi ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí ọjà ṣe tóbi tó kò kúrò nílẹ̀: fún gbèsè dọ́là 2,000, Kigali kò jẹ́ kí ohunkóhun kù lọ́wọ́ yín, fún gbèsè 40,000, ó lè sàn ju Accra lọ.

Ọmọ Òṣogbo ní Nairobi

Ní Kẹ́ńyà, 41.8 tí wọ́n kọ yẹn ti di ọ̀rọ̀ àná fún irú ọjà tí Ìyá wa ń tà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ fún owó kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níhìn-ín. Ó ń gba ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju ṣílè Kẹ́ńyà mílíọ̀nù kan lọ, òfin sì ní kí ó parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Kò pọn dandan láti gba agbẹjọ́rò. Ẹni tí ó bá ni ẹjọ́ lè rojọ́ fúnra rẹ̀ tàbí kí ó yan ẹnì kan tí yóò dúró fún un. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò níbí ń fi M-Pesa, ìyẹn ọ̀nà ìsanwó orí fóònù, sanwó, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wúlò bí ẹ̀rí nítorí pé ó gbé ọjọ́, iye owó àti orúkọ jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ti Gúúsù Áfíríkà wé e. Wọ́n ní irú kóòtù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Rand 20,000 ni òpin rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ kò sì lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ lè pe òun. Nítorí náà, oníṣòwò tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kọ́ńpìnnì gbọ́dọ̀ lọ sí kóòtù tí ó wọ́n.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ibi tí n ó ti pe ẹjọ́ ṣe pàtàkì ju iye tí wọ́n kọ sí iwájú orílẹ̀-èdè náà lọ. Agbẹjọ́rò wa, ṣé mo lè kọ ọ́ sínú ìwé ọjà fún ará Accra pé Abẹ́òkúta ni a ó ti dá ẹjọ́ èyíkéyìí tí ó bá ṣẹlẹ̀?

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú

Ẹ lè kọ ọ́, Ìyá wa, ṣùgbọ́n yóò pa yín lára. Gbogbo oníṣòwò ni ó ń fẹ́ kí wọ́n dájọ́ ní ẹnu ọ̀nà òun, wọn a sì gbàgbé pé ìlú ajigbèsè ni owó wà. Kí ni ẹ ó fi ìdájọ́ Abẹ́òkúta ṣe nígbà tí gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ní wà ní Accra? Fún ọjà kékeré, ẹ yan kóòtù ìlú tí oníbàárà wà, ní pàtàkì bí wọ́n bá ní ti owó kéékèèké. Fún ọjà ńlá, ẹ lè kọ ọ́ pé onídàájọ́ kan tí ẹ̀yin méjèèjì jọ yàn, tí kì í ṣe ti ìjọba, ni yóò parí ìjà, ohun tí àwa ń pè ní arbitration. Ìdájọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kọjá ẹnubodè ju ti kóòtù lọ, nítorí Àdéhùn New York ti ọdún 1958 tí Gánà wọ̀ ní 1968, Nàìjíríà ní 1970, Bẹ̀nẹ̀ ní 1974, Kẹ́ńyà ní 1989, Rùwáńdà sì ní 2008. Òfin tiwa lórí rẹ̀ di ọ̀tun ní ọdún 2023. Kí ẹ má ṣe é fún ọjà dọ́là 2,000 o, nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó sanwó onídàájọ́ náà, kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ẹ lè fi irú gbólóhùn yìí sí ìsàlẹ̀ ìwé ọjà yín, kí oníbàárà fọwọ́ sí i kí ẹ tó rẹ aṣọ sínú aró: “Olùrajà yóò yẹ ọjà wò láàárín ọjọ́ méje tí ó bá dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá rí àbùkù, yóò kọ̀wé sọ ọ́ láàárín ọjọ́ méje náà pẹ̀lú àwòrán. Bí kò bá kọ̀wé, ó ti gba ọjà náà gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó dára, gbogbo owó tí ó kù sì di sísan.” Ọ̀rọ̀ aró tí ó ń ṣí ni yóò parí síbẹ̀. Ìjà lórí bóyá ọjà dára ni ó ń sọ ẹjọ́ ọgọ́ta ọjọ́ di ẹjọ́ ọdún méjì, nítorí pé kóòtù yóò ní láti pe ẹni tí ó mọ̀ nípa aró kí ó wá jẹ́rìí.

Onípákó Bódìjà

Gbólóhùn yẹn dára. Èmi náà yóò lò ó fún pákó. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ mi o.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Mo ti kọ̀wé sí i lálẹ́ àná pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Àjàṣẹ́ ṣe ní kí n ṣe. Mo sọ fún un pé bí ó bá dá a lójú pé aró ń ṣí, kí ó dá èyí tí kò tíì tà padà, n ó sì yọ owó wọn kúrò. Ó fèsì ní àárọ̀ yìí pé ogún aṣọ ni ó kù lọ́wọ́ òun, àti pé òun yóò san 400,000 ní ìparí oṣù yìí. Ó kọ ọ́ ni, kò fi ohùn sọ ọ́. Mo ti ní kí ọmọ mi ya àwòrán rẹ̀.

Bí ìparí oṣù bá dé tí kò sanwó, àṣẹ ìsanwó ni ó kàn. Ti Nairobi, mo máa gbà á. Ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ọjà yóò wọlé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ti Kigali, mo ti bi wọ́n bóyá wọ́n lè sọ ọjà náà di púpọ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́, ìbéèrè kan ni ó kù: orúkọ tí ó wà lójú ilé ìtajà rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé ọjà, n kò mọ̀ bóyá òun ni orúkọ tí ìjọba mọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a yanjú ìyẹn kí oṣù tó parí, nítorí pé àṣẹ tí ó bá gbé orúkọ tí kò tọ̀nà kò ní ṣiṣẹ́ ní báńkì. Gbogbo oníṣòwò tí ó forúkọ sílẹ̀ níhìn-ín ní nọ́ńbà RCCM, ó sì ní nọ́ńbà owó orí tí a ń pè ní IFU. Wọ́n sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ìwé tí ilé ìtajà fi ń gba owó. Ẹ wo èyíkéyìí nínú ìwé tí ó ti fi ránṣẹ́ sí yín rí, pàápàá èyí tí ó bá owó àkọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ní ọjọ́ Ẹtì, n ó sì ra aṣọ kékeré kan kí wọ́n lè fún mi ní ìwé.